Bí mo ṣe wọn oríkèé ìbàdí àtọwọ́dá lórí X-ray lásán

Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló kó bá ìyá yìí. Ẹ̀jẹ̀ kò dé orí egungun itan rẹ̀ dáadáa mọ́, orí egungun náà kú, ó sì wó, ni wọ́n bá fi oríkèé àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Èmi ni wọ́n gbé X-ray ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ fún. Ọ̀pọ̀ ìròyìn kì í sọ ju pé "ó wà ní ipò tó dára" lọ. Èmi ò fara mọ́ ọn. Bí ife irin inú ìbàdí náà bá sún kúrò láyè rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, kí la ó fi wé?

Kí n tó fa ìlà kankan, mo yẹ àwòrán náà wò. Ihò méjèèjì ìsàlẹ̀ egungun ìbàdí tóbi bákan náà, ìyẹn ni pé aláìsàn kò yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo wá fa ìlà láti abẹ́ àmì egungun tó rí bí omijé lápá òsì dé èkejì rẹ̀ lápá ọ̀tún. Mo fa òmíràn gba etí ife. Igun àárín wọn jẹ́ dìgíríì 42. Ní 1978, olùṣèwádìí kan, Lewinnek, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dábàá pé kí igun yìí wà láàárín dìgíríì 30 sí 50, kí ife sì kọjú síwájú ní dìgíríì 5 sí 25, kí oríkèé má bàa yẹ̀. Mo ń lò ó, àmọ́ oríkèé tó wà láàárín rẹ̀ ṣì lè yẹ̀.

Ìkọjúsíwájú ló gba sùúrù. Etí ife kì í hàn ní òbírí pérépéré, ó máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 58, fífẹ̀ rẹ̀ 15. Mo fi 58 pín 15, mo wá igun tí sine rẹ̀ jẹ́ ìyẹn: dìgíríì 15. Ṣùgbọ́n àwòrán iwájú kò lè sọ bóyá iwájú ni ife kọjú sí tàbí ẹ̀yìn, àfi kí wọ́n ya ti ẹ̀gbẹ́. Wọ́n yà á, iwájú ni.

X-ray máa ń mú nǹkan tóbi. Bọ́ọ̀lù oríkèé náà jẹ́ mìlímítà 32 nínú ìwé iṣẹ́ abẹ, 38 lórí àwòrán. Ìyẹn kò ba igun jẹ́, gígùn ẹsẹ̀ ló ń bà jẹ́. Mo wọn láti ìlà omijé dé gegele kékeré ara egungun itan lápá méjèèjì, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 9.5. Nígbà tí mo fi 32 sọ ọ́ di púpọ̀, tí mo sì fi 38 pín in, ó di mìlímítà 8.

"Dókítà, mo ti ń sọ pé ẹsẹ̀ yìí gùn ju èkejì lọ."

"Òótọ́ lẹ sọ, mà. Àmọ́ kò tó sẹ̀ǹtímítà kan."

Mo kọ gbogbo nọ́ńbà náà sínú fáìlì ìyá náà, pẹ̀lú ìlà tí mo fi wọ̀n ọ́n.