Bíréèkì tó ń rì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi

Mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá Third Mainland sí apá Adénìjí Adélé nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ni dáńfó iwájú mi bá ṣàdédé dúró. Mo tẹ bíréèkì. Pẹ́dà wọlé wọ̀ọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan kápẹ́ẹ̀tì, ó rọ̀ bí àmàlà tí omi rẹ̀ pọ̀ jù. Mo gbé ẹsẹ̀, mo tún un tẹ̀ kíá, ó wá le, ọkọ̀ dúró. Kọ̀ǹdọ́ dáńfó náà yọjú sí mi láti ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ìyá mi, ṣé ẹ fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì ni?"

Mẹkáníìkì àdúgbò wa ní Sùúrùlérè ò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó fi ní páàdì bíréèkì ló ti jẹ tán. "Màdáámù, ẹ sáà mú owó páàdì wá." Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ páàdì iwájú ni, ariwo sì ni páàdì tó bá jẹ tán máa ń pa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé ọkọ̀ síbi kan, mo pe bọ̀dá mi tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Múṣin.

Wọ́n ní kí n tan ẹ́ńjìnnì, kí n tẹ pẹ́dà, kí n sì dì í mú láìgbé ẹsẹ̀. Bó bá ń rì díẹ̀díẹ̀, másítà (sílíńdà ńlá tí pẹ́dà ń tì kó lè fi ọ́ìlì ránṣẹ́ sí táyà) ló ti jẹ nínú tàbí kí ọ́ìlì máa jò gidi níbì kan. Bó bá jẹ́ pé títẹ̀ léraléra ló ń mú un le, afẹ́fẹ́ ló wọ inú páìpù, tàbí láínì ẹ̀yìn (ohun tó máa ń fẹ̀ kan inú dúrọ́ọ̀mù, irin róbótó tó ń yí pẹ̀lú táyà, láti dá a dúró) ti jìnnà sí dúrọ́ọ̀mù. Tèmi dúró gbọn-in ní gbogbo ìṣẹ́jú kan tí mo fi dì í mú. Ìtẹ̀ kẹta ló sì le dáadáa.

"Afẹ́fẹ́ ni," bọ̀dá wí. "Ibo ló gbà wọlé? Wo ike ọ́ìlì bíréèkì."

Ọ́ìlì ti wà nísàlẹ̀ àmì MIN, ó sì dúdú bí omi èlùbọ́. Ọ́ìlì bíréèkì kì í gbẹ lásán: bó bá ń dínkù, páàdì ló ń jẹ tàbí ó ń jò. Ó tún máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ẹ sì mọ bí afẹ́fẹ́ Èkó wa yìí ṣe máa ń rí. DOT 3 (irú ọ́ìlì bíréèkì kan) tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 205°C, ṣùgbọ́n èyí tó ti mu omi lè hó ní 140°C, bó bá sì hó, pẹ́dà á rọ̀ náà ni.

Mo fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn táyà kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta gbẹ. Ti ẹ̀yìn lápá òsì, ọwọ́ mi tutù, ó ń yọ̀. Mo fi òkúta há táyà iwájú, mo jáákì ọkọ̀, mo sì gbé e lé irin ìdúró, nítorí mi ò gbẹ́kẹ̀ lé jáákì nìkan. Mo tú họ́ǹbíréèkì sílẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù kọ̀, àfìgbà tí mo fi hámà gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká. Nígbà tó jáde, mo rí i: rọ́bà orí sílíńdà kékeré inú rẹ̀ tó ń ti láínì ti ya, bí mo ṣe fi ìka tì í, ọ́ìlì dúdú ṣàn wá sí ọwọ́ mi. Láínì ti rin gbingbin. Láínì tó bá ti mu ọ́ìlì, ẹ má wulẹ̀ fọ̀ ọ́.

Mo mú sílíńdà náà dání lọ sí Ládìípọ̀ kí wọ́n lè fi wé tuntun. Ẹni àkọ́kọ́ gbé tókunbọ̀ jáde. Mi ò kì í ra tókunbọ̀ ohun tó bá ní rọ́bà nínú. Mo ra tuntun, láínì ẹ̀yìn méjèèjì, àti DOT 3, torí ohun tí wọ́n kọ sórí ìdérí ike nìyẹn.

Títú afẹ́fẹ́ jáde ló gba àkókò jù. Bọ̀dé ọmọ mi jókòó sí ìdí pẹ́dà. Mo ki họ́ọ̀sì sí ẹnu nọ́ọ̀tì tó ní ihò láàárín, èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde lẹ́yìn táyà, mo ri ìdí rẹ̀ sínú ìgò tí ọ́ìlì díẹ̀ wà. Ẹ̀yìn ọ̀tún tó jìnnà jù sí másítà la fi bẹ̀rẹ̀, a wá ṣe ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì.

"Tẹ̀ ẹ́!"

"Mo ti tẹ̀ ẹ́, mà!"

"Dì í mú!"

Mo tú nọ́ọ̀tì, ìfóófò hó jáde lẹ́nu họ́ọ̀sì, mo dè é pa, kí Bọ̀dé tó gbé ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí àwọn ọmọ àdúgbò fi pariwo "Up NEPA!" tí ọ̀gbẹ́ni fi fò dìde nígbà tí nọ́ọ̀tì ṣì ṣí sílẹ̀. Ó fa afẹ́fẹ́ padà, a sì tún apá ibẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí mò ń bu ọ́ìlì kún ike, kó má baà gbẹ délẹ̀. Èyí tó dà sára ọ̀dà ọkọ̀, mo yára fi omi fọ̀ ọ́, torí ó máa ń jẹ ọ̀dà.

Pẹ́dà le koko báyìí. Bí mo ṣe tan ẹ́ńjìnnì, ó wọlé díẹ̀ péré, ó dúró. Mo wà á yípo àdúgbò jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, mo ń tẹ bíréèkì ní gbogbo kọ́nà.

Mẹkáníìkì wa dá mi dúró. "Màdáámù, ṣé páàdì ni?" Mo fi sílíńdà àtijọ́ hàn án. Ó yí i lọ́wọ́, ó yí i padà, ó ní, "Ẹ fún mi, mà. Màá fi rọ́bà tuntun sí i."