Àṣìṣe tó ń ba iṣẹ́ onílàjà jẹ́ nínú ẹbí

Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé ẹbí l'Abẹ́òkúta, àgbà tí ẹnu rẹ̀ tólẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń ránṣẹ́ sí, torí a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n onílàjà náà lè da epo síná láìmọ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ẹ gbọ́ tẹnu ẹnì kan lórí fóònù títí iná fóònù á fi tán, kí ẹ tó pe ìkejì. Kó tó jókòó, ọkàn yín ti dájọ́. Bí ẹ̀gbọ́n bá fi ìṣẹ́jú 20 rojọ́, ẹ fún àbúrò náà ní ìṣẹ́jú 20, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ tó pe àwọn méjèèjì jọ. Ẹ má ṣe jókòó ìpàdé náà sí pálọ̀ ẹni tó wá pè yín, ẹ má sì jẹun rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Tó bá kan ogún, ọ̀rọ̀ tó léwu jù lẹ́nu onílàjà ni "ẹ pín in dọ́gba." Dọ́gba ti èwo? Ká ní ṣọ́ọ̀bù baba wọn n'Ítòkú ń mú ₦1,200,000 wọlé lọ́dún, ìyáálé bí ọmọ 4, ìyàwó kejì bí 2. Bí wọ́n bá pín in ní ìdí-igi, níbi tí ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ ti jẹ́ igi kan, ₦600,000 ni igi kọ̀ọ̀kan: ọmọ ìyáálé á gba ₦150,000, ọmọ ìyàwó kejì á gba ₦300,000. Ní orí-ò-jorí, ìyẹn ká pín in ní iye orí ọmọ, ₦200,000 ni ti olúkúlùkù. Ẹ wá rí i pé ẹni méjì lè ṣe "àmín" sí ọ̀rọ̀ kan náà kí owó tó wà lọ́kàn wọn má sì bára mu. Ìdí-igi ni àṣà Yorùbá. Bí awuyewuye bá wà lórí ìpín, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n lo orí-ò-jorí. Nítorí náà, ẹ dárúkọ ọ̀nà tí ẹ ń sọ, kí ẹ ṣírò rẹ̀ sórí ìwé níṣojú gbogbo wọn. Ẹ má fo ọmọ obìnrin torí pé ó ti relé ọkọ. Òun náà ń jogún baba rẹ̀.

Ẹ má tètè sọ pé "ọmọ baba kan ni yín, ẹ jẹ́ kó tán." Ẹni tí kò tíì sọ tinú rẹ̀ máa ń dákẹ́ ni, kò dárí jini. Ẹ sì má gbé àṣírí tí ẹnì kan sọ fún yín ní kọ̀rọ̀ dé iwájú ẹnìkejì.

Bí ọkọ bá ń lu ìyàwó, ìyẹn kì í ṣe ìjà tí à ń parí lórí ẹní. Ẹ má ní kí obìnrin náà kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ kó sì padà wọlé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ kọ́kọ́ mú un kúrò níbẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù bó bá fara pa, kí ọ̀rọ̀ sì dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ìpínlẹ̀ Ògùn ti ṣòfin lórí irú ìwà ipá yìí láti 2017.

Àdéhùn ẹnu kì í pẹ́ yí padà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: iye owó, ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ ayálégbé, ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ pín in. Kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí ẹni tí kò mọ̀wé tẹ̀ka, kí ẹ̀yà ìdílé kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀dà kan lọ. Bí ọjọ́ owó bá pé, ẹ lọ bi ọmọ tó kéré jù bóyá tirẹ̀ dé ọwọ́ rẹ̀.