Bí o bá ní PKU, tí ọmọ sì ń wù ọ́ bí

Àbúrò mi, má tíì fi ìdènà oyún sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ ni kí o kọ́kọ́ tọ́jú. PKU, àìsàn àjogúnbá yìí, wà lára èmi náà látìgbà tí wọ́n ti bí mi, mo sì ti bímọ, nítorí náà mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

Ìwọ náà mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ wa kò lè fọ́ phenylalanine (Phe), ọ̀kan lára èròjà inú purotéènì, sí wẹ́wẹ́ bó ṣe yẹ, Phe yìí á wá máa kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé ibi ọmọ máa ń fà á sọ́dọ̀ ọmọ, débi pé èyí tó wà lára ọmọ á ju ti ìyá lọ. Ọmọ lè má ní PKU rárá, kí Phe ìyá rẹ̀ ṣì ṣe é léṣe: kí orí rẹ̀ kéré, kí ọkàn rẹ̀ ní àléébù, kí ọpọlọ rẹ̀ má jí pépé. Lọ́dún 1980, àwọn olùwádìí méjì, Lenke àti Levy, kó ìtàn àwọn oyún tí wọn kò tọ́jú jọ. Níbi tí Phe ìyá ti tó 1,200 µmol nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan, ọmọ 92 nínú 100 ni ọpọlọ wọn kò pé. Àwọn ìyá wọ̀nyẹn kò sí lórí oúnjẹ wa tí Phe rẹ̀ kò pọ̀, ìwọ máa wà lórí rẹ̀.

Iye Phe tí à ń wá ni 120 sí 360 µmol nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Jẹ́ kó dúró síbẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta kí o tó jẹ́ kí oyún dé, torí ọkàn ọmọ ti máa ń gba ìrísí kí ọ̀sẹ̀ kẹwàá tó pé, nígbà tí obìnrin mìíràn kò tilẹ̀ tíì mọ̀ pé òun lóyún. Bí oyún bá ti wà ná, pe dókítà rẹ lónìí, má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọ.

Wọn gbogbo oúnjẹ lórí síkéèlì. Ìyẹ̀fun purotéènì tí kò ní Phe ni kí o pín sí ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin lóòjọ́, kí o mu ún pẹ̀lú oúnjẹ. Ka ara páálí, aspartame, adùn àtọwọ́dá tó ní Phe nínú, kò bá wa lára mu. Ẹ̀jẹ̀ tí o ń kán sórí káàdì tí wọ́n fi ń wọn Phe, láàárọ̀ ni, kí o tó jẹun: jẹ́ kó kún òbíríkítí náà tán, kó gbẹ dáadáa, má fọwọ́ kàn án. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Èébì oyún wá ni ọ̀gá gbogbo wàhálà. Èèyàn á rò pé bí òun ò bá jẹun, Phe á wálẹ̀. Rárá o! Ara tí kò rí oúnjẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ iṣan ara rẹ̀, iṣan yẹn sì kún fún Phe. Ebi gan-an ló ń gbé e sókè. Nítorí náà, máa jẹ ohun tó ń fúnni lágbára tí kò ní purotéènì, ṣúgà àti òróró, díẹ̀díẹ̀, kódà lóru. Èmi máa ń po ìyẹ̀fun náà pẹ̀lú omi tútù nini, màá dé ife rẹ̀ pa kí òórùn má bàa jáde, màá wá fi sítíróò fà á ní ìfà kékeré. (Òórùn yẹn! Ọkọ mi máa ń sá kúrò nílé ìdáná.) Bí o bá bì í padà, sọ fún onímọ̀ oúnjẹ rẹ lọ́jọ́ náà, kí o sì tètè béèrè oògùn èébì.

Láti bí ìdajì oyún, nǹkan á yí padà. Ọmọ ń dàgbà, ó nílò purotéènì, Phe rẹ lè máa já wálẹ̀. Kó lọ sílẹ̀ ju 120 náà kò dáa, ọmọ lè má dàgbà tó. Onímọ̀ oúnjẹ á wá máa fi purotéènì kún tìrẹ. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí wọ́n ní kí n jẹ sí i, àmọ́ káàdì ẹ̀jẹ̀ ló fọkàn mi balẹ̀. Má dá fi kún un fúnra rẹ.

Bí o bá bí i, wọ́n á gún gìgísẹ̀ rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ní PKU. Bí bàbá rẹ̀ kò bá gbé PKU, ọmọ yẹn á kàn gbé e bí ẹni tó jẹ́ AS ni. Bí bàbá bá gbé e, ó di ọ̀kan nínú méjì pé ọmọ á ní i. Bí kò bá ní i, fún un lọ́yàn kó yó, kò sí ohun tí Phe tìrẹ á fi ṣe é.