Lẹ́dà tó wú nínú Datsun 240Z: bí a ṣe ń tún un lẹ̀

Ẹni tó bá ní Datsun 240Z, ọkọ̀ eré oníjòkòó méjì tí Nissan bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Amẹ́ríkà ní ìparí ọdún 1969, mọ lẹ́dà tí mò ń wí. Òun ni èyí tó ní àwòrán dáyámọ́ńdì, tó bo orí gíáàbọ́ọ̀sì láàárín ìjókòó méjèèjì, tó tún bo ilé ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn lọ́tùn-ún lósì, lábẹ́ gíláàsì. Lẹ́dà la ń pè é, àmọ́ kì í ṣe awọ ẹran. Vinyl ni, ike tí wọ́n fi fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ sí lẹ́yìn. Ooru gíáàbọ́ọ̀sì àti sìláńsà ń sè é látìsàlẹ̀, oòrùn ń yan án látòkè. Lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, gọ́ọ̀mù ti gbẹ, fóòmù ti di ìyẹ̀fun, lẹ́dà fúnra rẹ̀ sì ti sún kì. Ibẹ̀ ni wíwú ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó mú irinṣẹ́ kankan, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ibi tó wú. Tó bá rọ̀ bí àkàrà tó ṣófo nínú, afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀. Tó bá le, tó sì ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lábẹ́ ọwọ́, ìpẹtà ló ń ti lẹ́dà sókè, oníwẹ́dà lẹ máa kọ́kọ́ wá, kì í ṣe gọ́ọ̀mù. Tó bá jẹ́ ilé ṣọ́ọ̀kì ni, ẹ yẹ rọ́bà gíláàsì ẹ̀yìn wò bóyá ibẹ̀ lomi ń gbà wọlé.

Títú inú ọkọ̀ kò le. Ẹ yọ wáyà bátìrì, ẹ yọ ìjókòó, ẹ tú àpótí ike àárín. Ẹ rọra o, okùn ṣóòkù (choke, tí wọ́n ń fà láti fi ṣíná ẹ́ńjìnnì tó tutù) àti wáyà ohun ìtanná sìgá wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ibi tí súkúrù kọ̀ọ̀kan ti wá.

Láti ṣí lẹ́dà, etí ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látàárín. Díráyà irun ni mò ń lò. Àwọn tó mọ́wọ́ yá máa ń gbé heat gun, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru tó ju ti díráyà lọ, mo sì ti rí àbájáde rẹ̀: ó máa ń tẹ́ dáyámọ́ńdì náà pẹrẹsẹ, kò sì sí ohun tó lè dá a padà mọ́. Tó bá gbóná débi tí ẹ ò lè gbọ́wọ́ lé e, ó ti pọ̀ jù. Ẹ fa lẹ́dà díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi ọ̀bẹ tó kújú já gọ́ọ̀mù àtijọ́ níwájú ọwọ́ yín.

Ẹ ha ìyẹ̀fun fóòmù kúrò lẹ́yìn rẹ̀ àti lára irin. Tínà dára fún irin, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó kan lẹ́dà, á yọ́ ọ. Sípírítì tí nọ́ọ̀sì fi ń nu ara ni mò ń fi nu lẹ́dà. Bí ìpẹtà díẹ̀ bá wà, ẹ fi sáńpépà ha á, kẹ́ ẹ kun ún ní ọ̀dà adènà ìpẹtà, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ tán.

Ó wá ku gọ́ọ̀mù, ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú kan wà: wọ́n á fi abẹ́rẹ́ lu ibi tó wú, wọ́n á fi sírínjì fún gọ́ọ̀mù sínú rẹ̀, wọ́n á gbé nǹkan tó wúwo lé e. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣe bẹ́ẹ̀ ní Houston níbí. Ọjọ́ Sátidé ló ṣe é, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Nígbà tí oòrùn ọ̀sán ọjọ́ Àìkú bà á, ibi kan tó wú tẹ́lẹ̀ ti di mẹ́ta. Gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ lẹ́dà yìí ní oje kan tó gbọ́dọ̀ fẹ́ lọ kó tó lè di nǹkan mú. Irin ò mí, lẹ́dà ò mí. Tẹ́ ẹ bá há oje náà sáàárín wọn, kò rọ́nà gbà. Á máa rọ ẹ̀yìn lẹ́dà, tí ooru bá sì dé, á di afẹ́fẹ́, á gbé e sókè. Wíwú tẹ́ ẹ fẹ́ wò sàn gan-an lẹ̀ ń fi sírínjì gbìn. Bí ibi tó wú ò bá ju ẹyọ owó kan lọ, ẹ fi díráyà yá a, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí á fi tutù. Nígbà míì gọ́ọ̀mù àtijọ́ á tún mú un. Tí kò bá mú un, ẹ ṣí i láti etí.

Gọ́ọ̀mù aláwọ̀ yẹ́lò àwọn aránbàtà dára fún bàtà, ṣùgbọ́n kì í fara da ooru ọkọ̀ tó dúró sínú oòrùn Texas. DAP Weldwood Landau Top & Trim lèmi ń lò, torí òrùlé lẹ́dà ọkọ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ti àwọn káfíńtà, funfun yẹn, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì olówó pọ́ọ́kú kun irin, kẹ́ ẹ kun ẹ̀yìn lẹ́dà pẹ̀lú. Àwọn méjèèjì o, kó sì fẹ́lẹ́. Bí fóòmù bá kù lẹ́yìn rẹ̀, á mu ti àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ kun ún lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 ni lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni mò ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, mi ò wo aago. Ẹ fi ẹ̀yìn ìka kàn án: tó bá ń fà bí ọbẹ̀ ilá, kò tíì tó. Tó bá fẹ́ mú ìka ṣùgbọ́n tí nǹkan kan ò tẹ̀ lé ìka padà, ó ti tó. Lọ́jọ́ òjò, ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, torí omi inú afẹ́fẹ́ máa ń sẹ̀ sórí gọ́ọ̀mù bó ṣe ń gbẹ, kì í sì í jẹ́ kó mú dáadáa.

Èéfín gọ́ọ̀mù yìí ń gbiná. Ọ̀pọ̀ gáréèjì níbí ló ní ẹ̀rọ amómigbóná onígáàsì tí iná kékeré inú rẹ̀ kì í kú. Ẹ ti ọkọ̀ síta sábẹ́ ibòji, kẹ́ ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti gíláàsì ẹ̀yìn sílẹ̀.

Tí gọ́ọ̀mù méjèèjì bá ti kan ara wọn, kò sí àtúntò mọ́. Nítorí náà, ẹ tẹ́ bébà tí wọ́n fi ń yan kéèkì sáàárín lẹ́dà àti irin. Gọ́ọ̀mù tó ti tó kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ to lẹ́dà sípò, kí ìlà dáyámọ́ńdì gún, kẹ́ ẹ wá máa fa bébà náà jáde díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́ látàárín lọ sí etí. Róolà kékeré wà lọ́jà fún un. Ẹ̀yìn orógùn àmàlà lèmi ń lò, ìyàwó mi sì ti ra òmíràn fún ilé ìdáná.

Ibi tó tẹ̀ kọrọdọ lórí ilé ṣọ́ọ̀kì gba sùúrù. Ẹ yá lẹ́dà, ẹ fà á díẹ̀, kẹ́ ẹ dì í mú títí á fi tutù, torí ó máa ń fẹ́ padà síbi tó ti wá. Bí ó bá sún kì débi tí kò dé etí mọ́, ẹ má fi agídí fà á, yóò ya. Wọ́n ṣì ń ṣe lẹ́dà dáyámọ́ńdì tuntun tà fún ọkọ̀ yìí, ẹ ra ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú kẹ́ ẹ tó da àpótí àti ìjókòó padà. Fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ibòji ni kẹ́ ẹ máa páàkì í sí, kẹ́ ẹ sì sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀ títí òórùn gọ́ọ̀mù á fi tán nínú rẹ̀.