Bí A Ṣe Ń Wo Doctor Who Ayé Àtijọ́ Pẹ̀lú Ọ̀rẹ́, Tí A sì Ń Jiyàn Lórí Àwọn Ìkà Inú Rẹ̀

Tí àwọn tó fẹ́ràn Doctor Who, eré orí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá ti pàdé, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi ń kan àwọn ìkà inú rẹ̀. Ẹnì kan á ní kò sí èyí tó burú tó Dalek, èkejì á ní Cyberman ńkọ́, ẹni kẹta tó ń gbọ́ wọn á dá sí i pé wọn ò tíì rí Master ni. (Dalek ni abàmì ẹ̀dá tó wà nínú àpótí irin, Cyberman ni èèyàn tó ti fi irin rọ́pò ẹ̀yà ara rẹ̀, Master sì ni ọ̀tá Doctor, akọni eré náà.) Ká tó wí ká tó fọ̀, gbogbo rẹ̀ ti di ta ni yóò na ta bí wọ́n bá jà. Inú mi kì í dùn tí ọ̀rọ̀ bá ti bọ́ síbẹ̀, torí kì í ṣe agbára ló jẹ́ kí àwọn ìkà yìí wà lọ́kàn èèyàn fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún. Èrò inú wọn ni. Bí ẹ bá ṣètò ìwòran yín dáadáa, orí èrò yẹn gan-an ni ẹ ó ti máa jiyàn, ẹ ò sì ní fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú.

Fún ẹni tí kò mọ eré náà rárá: BBC ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1963, ọjọ́ kejì tí wọ́n yìnbọn pa Ààrẹ Kennedy ní Amẹ́ríkà. Verity Lambert ló ṣe alábòójútó rẹ̀, William Hartnell ló sì kọ́kọ́ ṣe Doctor, arìnrìn-àjò tí ọkọ̀ rẹ̀, TARDIS, rí bí àpótí tẹlifóònù àwọn ọlọ́pàá lóde, ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ fẹ̀ ju ìta lọ. Ọkọ̀ yìí ń gbé e lọ sí ayé mìíràn, ó ń gbé e lọ sí ayé àná àti ti ọ̀la. Eré náà ń bá a lọ títí di 1989, wọ́n sì tún jí i dìde ní 2005. Ti 1963 sí 1989 ni mò ń sọ.

Ẹ yan ìtàn díẹ̀, kí ẹ má kó gbogbo rẹ̀ dání

Mẹ́rin tó láti bẹ̀rẹ̀. The Daleks, ti 1963 wọ 1964, ní apá méje. The Tomb of the Cybermen, ti 1967, apá mẹ́rin. Terror of the Autons, ti 1971, apá mẹ́rin, níbi tí Master ti kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà Genesis of the Daleks, ti 1975, apá mẹ́fà. Bí ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹ bá ráyè fún, ẹ fi àwọn tó kù sílẹ̀, kí ẹ mú Genesis. Ẹni tó bá wà ní Ìlú Ọba lè rí ọ̀pọ̀ nínú wọn lórí BBC iPlayer; DVD àti Blu-ray wà fún àwọn tó kù.

Ẹ má wò ó tán lẹ́ẹ̀kan

Ìṣẹ́jú bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni apá kan, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé e jáde láyé ìgbà náà. Àwọn tó kọ ọ́ mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni olùwòran máa fi ronú, wọ́n sì ń parí apá kọ̀ọ̀kan síbi tí ara kò ti ní rọ èèyàn. Apá méjì lálẹ́ kan ti tó. Ẹni tó bá gbé mẹ́fà mì lẹ́ẹ̀kan á mọ ìtàn náà, ṣùgbọ́n kò ní gbádùn rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ẹ wo bí apá kìíní The Daleks ṣe parí. Barbara, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá Doctor rìnrìn-àjò, tí Jacqueline Hill ṣe, ti ṣìnà nínú ìlú onírin kan tí kò séèyàn níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ń tì pa lẹ́yìn rẹ̀. Ó yíjú, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ohun kan sì ń bọ̀ wá bá a. A ò rí ohun náà. Apá rẹ̀ nìkan la rí, ọ̀pá kan tí rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ṣíńkì tó dí wà lórí rẹ̀. Barbara figbe ta, apá náà sì parí. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1963, ni àwọn ará Ìlú Ọba tó rí odidi Dalek.

Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n síbẹ̀, kí ẹ bi ẹni tí kò rí i rí pé kí ló rò pé ó ń bọ̀. Ìdáhùn wọn máa ń dára gan-an. Lẹ́yìn tí wọ́n bá rí Dalek tán ni kí ẹ wá sọ ti Raymond Cusick, tó ya bí ó ṣe máa rí. Kò fún un lẹ́sẹ̀, kò fún un lójú tèèyàn, kí olùwòran má bàa rántí pé èèyàn kan ló jókòó sínú rẹ̀ tó ń wà á. Ohùn wọn náà gba inú ẹ̀rọ kan kọjá tó ń gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, tó fi ń dún bíi ti irin. Sydney Newman, ọ̀gá ẹ̀ka eré ní BBC, ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun ò fẹ́ abàmì ẹ̀dá kankan nínú eré yìí. Bí wọ́n bá gbọ́ tirẹ̀ ni, kò ní sí Dalek lónìí.

Ẹ gbẹ́sẹ̀ lé “ta ló lágbára jù”

Ẹ sọ ọ́ di òfin ilé kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀: Kí ni ìkà yìí ń fẹ́? Kí ló ń sọ fún ara rẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀? Ta ló ń ràn án lọ́wọ́?

Dalek ń fẹ́ kí ohunkóhun tí kì í ṣe Dalek kúrò láyé. Terry Nation tó kọ wọ́n jẹ́ ọmọ Cardiff, tó ṣe kékeré nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn Násì ló sì ní lọ́kàn. Kì í ṣe ohun tó fara sin: nínú The Dalek Invasion of Earth, ti 1964, ẹ óò rí àwọn Dalek tí wọ́n na apá sókè bí àwọn ọmọ ogun Hitler ṣe ń kí ara wọn.

Ti Cyberman yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni ìbéèrè kejì ti ń wúlò jù. Kit Pedler, onímọ̀ ìṣègùn, àti Gerry Davis ni wọ́n jọ dá wọn sílẹ̀ fún The Tenth Planet ní 1966. Ohun tó ń ba Pedler lẹ́rù ni pé kí èèyàn máa pààrọ̀ ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí kò fi ní ku nǹkan kan nínú rẹ̀ tó jẹ́ tèèyàn. Èèyàn ni Cyberman tẹ́lẹ̀. Wọn ò kórìíra ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbà tọkàntọkàn pé oore ni wọ́n fẹ́ ṣe fún wa. Bí ẹnì kan láàárín yín bá sọ pé ìyẹn burú ju ìkórìíra lọ, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ dáadáa. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Ní ti Master, Roger Delgado ni kí ẹ wò. Aṣọ rẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tutù, ó ń wo èèyàn lójú títí onítọ̀hún á fi ṣe ohun tó bá fẹ́. Òun àti Doctor ti mọ ara wọn láti kékeré, ẹ ó sì rí i pé ìgbà mìíràn wà tí ó dà bíi pé tìtorí kí Doctor lè bá a sọ̀rọ̀ ló ṣe dá wàhálà sílẹ̀. Jàǹbá ọkọ̀ pa Delgado ní Tọ́kì lọ́dún 1973. Àwọn míì ti ṣe Master lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹni tó ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bíi tirẹ̀.

Alẹ́ Davros

Ẹ ya alẹ́ kan sọ́tọ̀ fún apá karùn-ún àti ìkẹfà Genesis of the Daleks, kí ẹ sì jẹ oúnjẹ yín tán kí ẹ tó jókòó. Ìtàn náà rèé ní ṣókí: ní Skaro, ayé tí àwọn Dalek ti wá, ẹ̀yà Kaled àti Thal ti ń bá ara wọn jagun láti ẹgbẹ̀rún ọdún. Davros, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àwọn Kaled, tí ara rẹ̀ ti bàjẹ́ tó fi jẹ́ pé inú àga onímọ́tò ló ń gbé, ń ṣe Dalek lọ́wọ́. Wọ́n rán Doctor, tí Tom Baker ń ṣe nígbà náà, pé kó lọ dí i lọ́wọ́. Nígbà tí ìjọba Kaled fẹ́ dá iṣẹ́ Davros dúró, ó fi àṣírí ìlú tirẹ̀ lé àwọn Thal lọ́wọ́, wọ́n sì pa ìlú náà run.

Ní apá karùn-ún, Doctor bi Davros pé bó bá ṣe kòkòrò àrùn kan tó lè pa gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, ṣé yóò lò ó? Ẹ wo ọwọ́ Michael Wisher, tó ṣe Davros, níbẹ̀. Ó gbé ìka sókè, bí ẹni pé ìgò kékeré kan wà láàárín wọn, ó sì ń wo àyè tó ṣófo náà. Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń gòkè, ó ń gòkè, títí tó fi jẹ́wọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, òun á lò ó, torí agbára yẹn á gbé òun ga ju àwọn òrìṣà lọ. Ìbòjú bo gbogbo ojú òṣèré yìí. Ohùn àti ọwọ́ kan ló fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ padà sẹ́yìn kí ẹ tún un wò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wáyà méjì. Doctor ti di ohun abúgbàù mọ́ yàrá tí àwọn Dalek ti ń dàgbà. Kó kan fi wáyà kan kan èkejì báyìí, gbogbo Dalek parí. Kò lè ṣe é. Ó bèèrè bóyá òun ní ẹ̀tọ́. Ẹ dá fíìmù dúró níbẹ̀. Kí àwọn tó máa fi wáyà kan wáyà jókòó sí apá kan, àwọn tí kò ní ṣe é sí apá kejì.

Kí àwọn ìhà kejì dá Sarah Jane lóhùn, ọmọbìnrin tó ń bá Doctor rìnrìn-àjò, tó ní bó bá jẹ́ àrùn ni, Doctor ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kí àwọn ìhà kìíní náà dá Doctor lóhùn: bí wọ́n bá fi ọmọ kékeré kan hàn yín pé yóò di apàṣẹwàá tó máa pa ogunlọ́gọ̀ èèyàn, ṣé ẹ máa pa ọmọ náà? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé “ó sinmi lé e.” Ẹni tó bá ti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó panu mọ́.

Tí ẹ bá wò ó tán, ẹ padà sórí ìbéèrè kẹta, èyí tí wọ́n máa ń gbàgbé. Davros ò lè dìde lórí àga rẹ̀. Nyder, olórí ààbò rẹ̀, ló ń ṣe ẹsẹ̀ fún un. Peter Miles ṣe é láìpariwo: awò lójú, aṣọ dúdú, gbogbo àṣẹ ló ń tẹ̀ lé. Ẹ sì wo àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó kù, ìgbà tí wọ́n mọ ohun tó ń lọ, àti bó ṣe pẹ́ tó kí wọ́n tó lanu. Ẹlòmíì máa ń sọ pé Davros ba Dalek jẹ́, pé látìgbà tó ti dé ni wọ́n ti di ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ ti àwọn ìtàn tó wá lẹ́yìn. Nínú èyí, àwọn Dalek yíjú ìbọn sí i, nígbà tó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣàánú, wọn ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun kọ́ ló kúkú dá wọn bẹ́ẹ̀?

Bí ẹ bá fẹ́ alẹ́ kan sí i

Ẹ mú The Enemy of the World, apá mẹ́fà, ti ìparí 1967 wọ 1968. BBC ti nu ọ̀pọ̀ téèpù ayé ìgbà náà, apá kan ṣoṣo ló sì kù nínú ìtàn yìí. Ní 2013 ni wọ́n kéde pé Philip Morris, ọkùnrin kan tó ń wá àwọn fíìmù tó sọ nù kiri, ti rí àwọn agolo fíìmù kan ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Jos, ní Nàìjíríà. Apá mẹ́sàn-án tó ti sọ nù ló wà níbẹ̀: márùn-ún tó sọ ìtàn yìí di odidi, àti mẹ́rin nínú The Web of Fear.

Patrick Troughton ló ṣe Doctor, òun náà ló sì ṣe ìkà inú rẹ̀, Salamander, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ kó agbára oòrùn jọ kí irè oko lè pọ̀, tí aráyé sì ń yìn ín bí olóore. Àwọn èèyàn kan wà lábẹ́ ilẹ̀ tó parọ́ fún pé ogun ti pa ayé run lókè, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló sì ń fi ṣẹ́gun àwọn ọ̀tá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni irè oko náà kì í ṣe irọ́. Òótọ́ làwọn èèyàn ń rí jẹ. Ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ni kí ẹ tún bi ara yín, ṣùgbọ́n kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ìkẹta.