Ìtàn ẹgbẹ́ wa tí mo kọ ní Kabba, àti owó mi tó wọlé lọ

₦20,000 ni ẹgbẹ́ fún mi pé kí n fi kọ ìtàn ẹgbẹ́ wa ní Kabba, fún àjọ̀dún àádọ́ta ọdún. Ẹ gbọ́ ná, owó ọkọ̀ Lọ́kọ́jà àti ọtí tí mo ń gbé kiri ti jẹ ẹ́ tán kí n tó kọ lẹ́tà kan, àpò ara mi ni ìyókù ti jáde, akápò sì ń sọ pé "a máa jíròrò ẹ̀ ní mítìn."

Ká bi àwọn bàbá léèrè, ká gbà á sórí fóònù, ká tẹ̀ ẹ́, ìyẹn ò le rárá. Àpótí ìwé mínítì ló fojú mi rí màbo. Ilé akọ̀wé àtijọ́ ló wà, bàbá ti kú, àwọn ọmọ ní àfi kí ẹ̀gbọ́n àwọn tó wà ní Àbújá dé. Ẹ̀gbọ́n dé, mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní "Nígbà tí bàbá wa kú, ta ló wá síbi òkú nínú ẹgbẹ́ yín? Lọ gba lẹ́tà wá." Alága ní òun ò lè kọ lẹ́tà sí ọmọ tí òun jẹun ìkómọ rẹ̀. Mo padà, wọ́n ní kò sí lẹ́tà kò sí àpótí. Wọ́n ń gbá mi síhìn-ín sọ́hùn-ún bíi bọ́ọ̀lù, àfìgbà tí ìyá àgbà kan nínú ẹbí wọn jágbe mọ́ gbogbo wọn pé ṣé wọ́n fẹ́ sin ìwé mọ́ òkú ni, ilẹ̀kùn bá ṣí. Ọ̀dọ̀ ìyá yẹn ni kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ lọ jare, ẹ fi àwọn ọkùnrin sílẹ̀.

Ikán ti jẹ àwọn ewé iwájú, ibẹ̀ gan-an sì ni ọdún tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ máa wà! Alága ní 1976 ni, ọdún tí wọ́n yọ àwọn Igala kúrò ní Kwara lọ sí Benue. Ṣùgbọ́n mo wo ibi tí wọ́n ń kọ owó oṣooṣù sí, pọ́n-ùn àti ṣílè ló kún ibẹ̀. January 1973 ni náírà dé, báwo lẹgbẹ́ 1976 ṣe máa gba ṣílè? Mo tún ṣí ìwé díẹ̀, mo rí ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n kọ "Kabba Province" sí lórí, orúkọ tí wọ́n ń pe agbègbè wa kí ìpínlẹ̀ tó dé, bẹ́ẹ̀ 1967 ni Gowon ti pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12 tá a bọ́ sọ́dọ̀ Kwara. Ẹgbẹ́ wa ti wà ṣáájú 1967 nìyẹn! Èmi nìkan ni mo já a o, kò sí purofẹ́sọ̀ kankan níbẹ̀.

Wọn ò jẹ́ kí n gbé ìwé kan jáde, fóònù ni mo fi ya gbogbo ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ṣáà rí i pé bátìrì yín kún.

Mo wá gbé e dé mítìn tayọ̀tayọ̀, gbogbo wọn dákẹ́. Ṣé ẹ rí i, wọ́n ti tẹ 1976 sára ankara àjọ̀dún, àwọn ìyá ti sanwó, télọ̀ ti ń rán an.