Níbo Ni Ká Da Kúláǹtì Tó Ti Gbó Sí?

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla mi máa ń gbóná bí mo bá ti ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Mẹkáníìkì mi l'Adó ní kúláǹtì rẹ̀, ìyẹn omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, ti dípẹtà, pé ká pààrọ̀ rẹ̀. Gọ́tà ló fẹ́ da ti àtijọ́ sí. Ṣé kò sí wàhálà?

Ìdáhùn: Wàhálà ńlá ni. Ẹ má jẹ́ kó dà á sí gọ́tà, ẹ má sì jẹ́ kó dà á sílẹ̀. Májèlé ni ethylene glycol tó wà nínú ọ̀pọ̀ kúláǹtì, ó sì tún dùn lẹ́nu. Ajá, ewúrẹ́, àní ọmọdé lè lá a, kíndìnrín wọn á sì bàjẹ́. Èyí tó ti pẹ́ nínú ọkọ̀ tún lè ti fa bàbà àti òjé jáde lára rédíétọ̀. Omi gọ́tà Adó ń ṣàn lọ sínú Ureje àtàwọn odò kéékèèké míì. Ti ilẹ̀ gan-an ló tiẹ̀ ń dùn mí jù: orí àpáta ni Èkìtì wà, omi tó wà nínú ilẹ̀ rírọ̀ tó bo àpáta yẹn ni ọ̀pọ̀ kànga wa ń fà. Ohun tí wọ́n bá dà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kò ní rin jìnnà kó tó kan omi tí ará àdúgbò ń mu. Ṣáláńgá àti sọ́kàwé kò sàn ju ìyẹn lọ.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe máa gbà á, ibo la sì máa gbé e lọ?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, torí ìdérí rédíétọ̀ tó gbóná lè bó èèyàn lójú. Ẹ gbé abọ́ fífẹ̀ sábẹ́ rédíétọ̀ kẹ́ ẹ tó tú u, kẹ́ ẹ wá fi àrọ bù ú sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí. Omi tẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi fọ inú rẹ̀ náà, kẹ́ẹ̀gì ni kó lọ. Ẹ kọ MÁJÈLÉ sí i lára. Ẹ má lo ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò láéláé. Ẹ gbé e síbi tọ́wọ́ ọmọdé kò ní tó, kẹ́ ẹ wá béèrè ní ọ́fíìsì àjọ tó ń kó ìdọ̀tí ìpínlẹ̀ l'Adó, tàbí ní ṣọ́ọ̀bù ńlá tó ń kó irú ẹ̀ jọ, kẹ́ ẹ tó fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Mẹkáníìkì mi ní òun ní dúrọ́ọ̀mù ọ́ìlì dúdú, ká dà á pọ̀.

Ìdáhùn: Rárá o. Ọ́ìlì dúdú ṣì ṣeé tún ṣe. Kúláǹtì á bà á jẹ́.

Ìbéèrè: Ìyàwó mi ní kí n kúkú máa bu omi lásán sí i, ṣebí torí kómi má bàa di yìnyín ni wọ́n ṣe ń lo kúláǹtì, yìnyín kì í sì í bo ilẹ̀ wa.

Ìdáhùn: Ìpẹtà tẹ́ ẹ rí yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ omi lásán ló fà á. 100°C ni omi ń hó. Ìdajì kúláǹtì pẹ̀lú ìdajì omi ń hó ní nǹkan bí 107°C, ó sì tún ń ga sí i lábẹ́ ìdérí rédíétọ̀. Distilled water, ìyẹn omi tí wọ́n sè tí wọ́n sì sọ ooru rẹ̀ padà di omi, ni kẹ́ ẹ fi pò ó, kì í ṣe píọ̀ wọ́tà, kì í sì í ṣe ásíìdì bátìrì. Tó bá ti dára báyìí, á pẹ́ kẹ́ ẹ tó tún ní èyí tẹ́ ẹ máa dànù; ìwé ọkọ̀ yín á sọ ọdún tó yẹ. Tó bá sì jẹ́ họ́ọ̀sì nìkan ni wọ́n fẹ́ pààrọ̀ lọ́jọ́ míì, ẹ gba kúláǹtì tó ṣì mọ́ sínú abọ́ tó mọ́, kẹ́ ẹ sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ dà á padà. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń da èyí tó dára nù, ó sì ń ká mi lára.

Ìbéèrè: Tá a bá pààrọ̀ rẹ̀ tán tó ṣì ń gbóná ńkọ́?

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ há sínú rẹ̀. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù pátápátá ni kẹ́ ẹ ṣí ìdérí, kẹ́ ẹ wá tan ọkọ̀ àti hítà, kẹ́ ẹ máa bu kún un títí tí kò fi ní hó fòòfòò mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ fáànù, thermostat (ohun tó ń ṣí ọ̀nà fún kúláǹtì bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tó) àti ìdérí rédíétọ̀ wò. Ẹ má gbà kí wọ́n yọ thermostat sọnù. Ṣùgbọ́n bí kúláǹtì bá ń dín kù láìjò sílẹ̀, tí sàlẹ́ńsà sì ń tú èéfín funfun tó ń rùn bí nǹkan dídùn, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ni kẹ́ ẹ fura sí, ẹ má sì wa ọkọ̀ náà mọ́ títí wọn yóò fi tún un ṣe.